Ta Ló Fi Ọ̀nà Ọmú Han Ìkókó?

ÌBÉÈRÈ

Màmá, oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sì ni. Lọ́jọ́ tí mo lọ fún àyẹ̀wò aláboyún, nọ́ọ̀sì kan sọ fún wa pé bí wọ́n bá gbé ọmọ lé ìyá láyà ní kété tí wọ́n bí i, ọmọ náà á fúnra rẹ̀ wá ọmú kàn. Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyá ọkọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì lajú, ọ̀nà wo ló fẹ́ rí? Wọ́n ní omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kànrìnkàn ló kàn, pé omi pupa rúsúrúsú tó máa ń kọ́kọ́ jáde lọ́mú kò dáa, kí n fún un dànù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbé ọmọ lọ, wọ́n fún un ní omi gúlúkóòsì, ó di ọjọ́ kẹta kí ó tó kan ọmú, kò sì gbá a mú dáadáa títí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọmọ bá sì mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀, kí wá ni iṣẹ́ tèmi?

Aláboyún kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, wà á sọ̀ wẹ́rẹ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ìkókó.

Má ṣe bínú sí ẹ̀rín ìyá ọkọ rẹ. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí pàápàá, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, a ti gbé e sáré lọ: ká gbé e lé òṣùwọ̀n, ká wẹ̀ ẹ́, ká wọṣọ fún un, ká tó wá dì í bí ẹrù padà fún ìyá. Bó bá kọ ọmú, a ní ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Àwa la dà á lọ́nà rú.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Wákàtí àkọ́kọ́ gan-an sì lojú ìkókó máa ń là jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oorun tó wúwo ń gbé e lọ. Jẹ́ kí wọ́n gbé e lé ọ láyà ní ìhòòhò, kí o máa wò ó. Á ké. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ojú á là, ẹnu á máa mì, á yọ ahọ́n, á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Má yọ ọwọ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀ o. Omi inú ilé ọmọ ló wà níbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ohun tí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó yí orí ọmú ká ń sun jáde. Òórùn ibi tó ti wá ló fi ń wá ibi tó ń lọ. Á ká orúnkún, á fi ẹsẹ̀ ti ikùn rẹ, á sún síwájú, á sinmi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ pé ó ti sú u, tí wọ́n á gbé e kúrò. Kò sú u. Á tún sún. Bó bá dé ìdí ọmú, á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á máa lá a, á máa gbórí sókè, á máa gbé e sílẹ̀, títí á fi la ẹnu gbàgà tí á sì gbá a mú. Ó lè gba wákàtí kan. Nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sweden ni àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lọ́dún 1987. Ní 1994, àwọn onímọ̀ kan ní kí ìyá 30 fọ ọmú kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ láìfọ̀. Ọmọ 22 ló yà síbi èyí tí a kò fọ̀. Nítorí náà, má fi ọṣẹ fọ ọmú rẹ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kan ẹ̀gbọ́n rẹ ni ti 1990. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Righard àti Alade, wo ọmọ 72 ní Sweden kan náà. Wọ́n fi 38 sílẹ̀ láyà ìyá wọn fún wákàtí kan ó kéré tán, 24 nínú wọn sì mu ọmú bó ṣe yẹ. Àwọn 34 yòókù, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n gbé wọn lọ wọ̀n, tí wọ́n wọṣọ fún wọn, kí wọ́n tó dá wọn padà. Méje péré ló mu ún bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ rẹ̀.

O wá bi mí léèrè iṣẹ́ tìrẹ. Ìwọ ni ilẹ̀ tí ọmọ ń rìn lórí rẹ̀. Fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí o rọ̀gbọ̀kú díẹ̀. Má sùn gbalaja, má sì jókòó ṣánṣán. Kí wọ́n nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ara rẹ sì máa mú un gbóná. Fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ mú kí ó má baà yọ̀ ṣubú. Bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbọ́ ohùn rẹ láti inú. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ti orí rẹ̀ mọ́ ọmú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tì í. Ọmọ tí a bá ti lórí á fà sẹ́yìn ni. Kí ẹnì kan máa wò yín ní gbogbo ìgbà yẹn, kí imú ọmọ má baà bò, torí ó lè rẹ̀ ọ́ débi pé wà á sùn lọ. Bó bá sì pẹ́ tí kò dé ibi tó ń lọ, gbé e súnmọ́ ọn, kí nọ́ọ̀sì ràn yín lọ́wọ́. Bó ṣe ń mu ún, ilé ọmọ rẹ á máa sún kì, ẹ̀jẹ̀ á máa dín.

Omi pupa rúsúrúsú yẹn, má da ẹ̀kán kan nù níbẹ̀! Ó kún fún ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn, ó sì ń bá a lé ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ jáde. Ó kéré, àmọ́ ikùn ọmọ náà kéré. Wàrà funfun á dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ọmọ tí ara rẹ̀ le kò nílò gúlúkóòsì, kò nílò omi, kò nílò àgbo. Ní Ghana, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 lórí ọmọ tó lé ní 10,900 fi hàn pé bí gbogbo ìyá bá fún ọmọ lọ́mú láàárín wákàtí kan, nǹkan bí ikú ìkókó 22 nínú 100 ni à bá dènà. Ní Nàìjíríà wa ńkọ́? Ìwádìí ìjọba ti 2018 sọ pé ọmọ 42 péré nínú 100 ló rí ọmú mu láàárín wákàtí yẹn. Ó ń dùn mí.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ, béèrè bóyá wọ́n lè gbé e lé ọ láyà. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kò mí dáadáa, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ, ẹ̀mí ló ṣáájú; jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Ohun tí ọmọ gbé wáyé kì í tán lọ́jọ́ kan. Bí ara bá ti balẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láyà níhòòhò.

Ti ìyá ọkọ rẹ kò le. Wẹ́rẹ́ ni kí o sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀, pé, “Mọ̀ọ́mi, a ò gba ìwẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ yín, ọ̀la la sún un sí.” Àjọ ìlera àgbáyé náà ní kí ó tó wákàtí 24 kí a tó wẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà, fún wọn níṣẹ́: bí ilé ìwòsàn bá gbà, àwọn ni kí ó dúró tì ọ́, kí wọ́n máa ṣọ́ imú ọmọ. Bí wọ́n bá fojú ara wọn rí i tí ọmọ-ọmọ wọn ń fi ẹsẹ̀ ti ikùn rẹ, àwọn gan-an ni yóò máa rò ó fún ẹlòmíràn.

Má dúró dìgbà tí o bá ń rọbí kí o tó sọ ọ́, torí ẹnu rẹ lè má gbà á nígbà yẹn. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀, mú ọkọ rẹ dání, kí ẹ̀yin méjèèjì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé ọmọ lé ọ láyà, kí wọ́n sì fi í síbẹ̀. Bí o bá sọ̀ tán, kọ̀wé sí mi.