Sẹ́fà, Sìmẹ́ǹtì àti Páànù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tajà ní Abíjàn fi owó ránṣẹ́ pé kí n ra àpò sìmẹ́ǹtì 30 sílẹ̀ de òun, kí owó náà má baà fọ́n. Mo rà á. Yàrá ẹ̀yìn kan ní Èjìgbò níbí ni mo kó o sí: mo tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, mo tilẹ̀kùn. Ó lo gbogbo ìgbà òjò níbẹ̀. Ọjọ́ tí bíríkìlà dé, ó gbá èyí tó wà nísàlẹ̀ nípàá, ó dún kò. Àpò 11 ló ti di òkúta.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ òní kò ju ìbéèrè kan lọ: bí owó ilé bá ń ti ìdálẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀, kí la máa kọ́kọ́ rà, kí la máa fi sẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ yìí kan Èjìgbò gan-an. Ilé tí owó Abíjàn kọ́ pọ̀ nílùú wa. Côte d'Ivoire lorúkọ orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n Abíjàn la sọ gbogbo rẹ̀ dà. Mọ́tò ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ síbẹ̀ tààrà, ọmọdé tí kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀ á sì sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, fún yín.

Ẹ wo owó náà fúnra rẹ̀ ná. Sẹ́fà so mọ́ owó yúrò: 655.957 ni yúrò kan láti 1999, kò sì tíì yẹ̀. Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ẹni tó kó náírà ìkọ́lé pamọ́ rí i bó ṣe ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ẹ má ṣẹ́ gbogbo sẹ́fà yín lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn máa gbà ni kí ẹ ṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má sọ sẹ́fà di òrìṣà. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé e sí méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: 50 sẹ́fà tó ń ra fúráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀ di 100. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù kí ọjọ́ náà tó pé, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò dín ẹyọ kan.

Ó dára kí owó di nǹkan, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lè dúró de yín. Búlọ́ọ̀kù lè dúró. Bí wọ́n bá ń wọ́n omi sí i dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n mọ ọ́n, ṣe ló ń le sí i. Irin lè dúró bí òjò kò bá pa á. Yanrìn náà lè dúró, bí ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ àdúgbò bá gbà. Sìmẹ́ǹtì kò lè dúró. Omi ló ń wá kiri. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú un bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ rà á ní ọ̀sẹ̀ tí bíríkìlà máa lò ó. Bí ó bá wá di dandan kó sùn, ẹ to pákó sábẹ́ rẹ̀, ẹ fà á kúrò lára ògiri, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara àpò náà. 32.5 tàbí 42.5 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, agbára rẹ̀ ni. Ní 2014, àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ní kí 32.5 má kọjá rírẹ́ ògiri, 42.5 ni ti òpó, dẹ́kì àti búlọ́ọ̀kù. Mo mọ ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta yan àwọ̀ táìsì, tí kò fi ìṣẹ́jú kan wo nọ́ńbà yìí.

Páànù ló kù. Wọ́n á ní 0.55 ni, ìyẹn bí ó ti nípọn tó ní mìlímítà. Ó sì lè jẹ́ 0.45. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí ń jẹ́ maikiromítà, tó ń fi ẹnu méjì gbá etí páànù mú. Ẹ ní kí káfíńtà yín mú un dání, kó sì wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó gé páànù, torí bí wọ́n bá ti gé e sí gígùn ilé yín, tiyín ni. Bí owó kò bá pọ̀, lójú tèmi, páànù tó nípọn tí kò ní àwọ̀ sàn ju aláràbarà tó máa tẹ̀ wọnú bí káfíńtà bá ti gùn ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ilé náà parí. Ẹnu géètì rẹ̀ ni àpò 11 yẹn wà, òun la fi dí ojú ọ̀gbàrá.