Ọkọ̀ Agégi

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní Èkó lọ́dọọdún, ìjì ni í kọ́kọ́ dé. Àwọn tí ń gbé ní Àpápá mọ ohun tí ìjì náà lè ṣe. Igi fúrúùtù, mángòrò àti dongóyárò pọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà àti nínú ọgbà àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ga ju ilé lọ, ẹ̀ka wọn sì ti wọ àárín wáyà iná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya lóru, bí ó bá fo ènìyàn, kò ní fo mọ́tò. Bí ó bá sì fo mọ́tò, yóò já wáyà. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni onílé tí ó bá gbọ́n ṣe ń ránṣẹ́ pe agégi kí oṣù kẹta tó pé.

Iṣẹ́ agégi nínú ìlú kò rí bí iṣẹ́ agégi nínú igbó. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọdé gégi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Nínú igbó, igi ní ibi tí ó lè wó sí. Ṣùgbọ́n ní Àpápá, odi wà lápá ọ̀tún, ilé wà lápá òsì, wáyà wà lókè, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò dá lórí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń gé igi náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹnì kan yóò gùn ún pẹ̀lú okùn ní ìbàdí. Yóò so okùn mìíràn mọ́ ẹ̀ka kí ó tó gé e. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ yóò sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń sọ garawa sínú kànga. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn kì í kà sí iṣẹ́ yóò wá kàn: ewé, ẹ̀ka àti ìtì igi, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kó kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó gé igi tí kò rí ọkọ̀ kó o, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan a sì máa pe àwọn tí ń ṣe é ní dókítà igi. John Davey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó lọ sí ìlú Kent ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé The Tree Doctor ní ọdún 1901. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ wà títí di òní. Ọkọ̀ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa wọ́ ẹ̀rọ kan tẹ̀lé ẹ̀yìn, èyí tí ń jẹ ẹ̀ka tòun tewé, tí ó sì ń tu wọ́n jáde ní èérún, kí ẹrù púpọ̀ lè wọ ààyè kékeré. Agégi tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ewé ní ewé, kí ó sì kó ìtì ní ìtì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bí a ó ti kan ọkọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ńlá.

Kíkan ara ọkọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó. Ọdún 1926 ni a parí èbúté àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ lọ́rì ti ń wọ ilẹ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́rì tí ń ti òkè òkun dé lè má ní ara rárá: ẹ́ńjìnnì ni, àti táyà, àti irin gígùn méjì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣásí. Káfíńtà ni yóò fi pákó kan ara lé e lórí, tí yóò to àga pákó sínú rẹ̀, kí ayàwòrán tó wá kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀lẹ̀kájà ṣe di bọ̀lẹ̀kájà. Bedford, tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì gbajúmọ̀ gan-an nínú wọn. Nígbà tí ó yá, irin gba ipò pákó, àwọn wẹ́dà sì ń kan mólúè sórí ṣásí Mercedes 911. Ní ayé òde òní, tòkunbọ̀ ni agégi sábà máa ń rí rà. Bí ara tí ó gbé wá bá ti dípẹtà, tàbí tí ó jẹ́ àpótí tí a fi ń kó ẹja dídì, yóò bọ́ ọ dànù, yóò sì wá ẹni tí yóò kan òmíràn fún un.

Kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjá Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa gbọ́ ìró òòlù, yóò sì máa rí iná tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo agégi kan tí ó wa lọ́rì rẹ̀ lọ bá àgbàlagbà wẹ́dà kan níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó ga dáadáa, kí n lè máa kó gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ewé ni o fẹ́ máa kó ni, tàbí igi?"

"Méjèèjì ni, Bàbá."

"Á jẹ́ pé ọkọ̀ méjì ni o ń wá. Jókòó."

Bàbá náà mú ẹfun, ó fà á sílẹ̀. Ara tí agégi ń fẹ́ yóò gùn ní mítà 4, yóò fẹ̀ ní mítà 2, agégi sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ní mítà kan àbọ̀. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ẹrù náà lè má tó tọ́ọ̀nù 2, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jùlọ láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tútù kì í ṣe ẹgbẹ́ ewé. Omi ni ó tó bí ìdajì ìwúwo rẹ̀. Igi tí ó kún àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè wọn kìlógíráàmù 900. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá fi ìtì kún ọkọ̀ náà dé ẹnu, kódà bí a bá yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò fún àlàfo tí ó wà láàárín ìtì kan sí èkejì, yóò tó tọ́ọ̀nù 7. Ṣásí náà kò sì lè gbé ju tọ́ọ̀nù 4 lọ. Nínú tọ́ọ̀nù 4 yìí ni a ó tún ti yọ ìwúwo irin àti pákó tí a fẹ́ kàn mọ́ ọn, àti ti ènìyàn mẹ́fà pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù fún igi lè má ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ.

Agégi ní òun yóò máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí onílé sì ń pariwo pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun, kò sí ẹni tí yóò rántí ìkìlọ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá ga dé ni wọn yóò kún un dé.

Ọ̀nà tí ó yàn nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó wà títí kò ní ga ju ìdajì mítà lọ. Ìtì tí ó bá kún un dé ibẹ̀ yóò wọn bíi kìlógíráàmù 2,400, ṣásí yóò sì lè gbé e. A ó wá jó ihò onírin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, níbi tí a ó ti lè ki òpó bọlẹ̀, kí a sì gbé pákó gíga lé e nígbà tí ó bá jẹ́ ewé nìkan ni a fẹ́ kó. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kó ìtì, ilé ni pákó gíga yóò wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹnu kò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà kọ́kọ́ tú bátìrì kúrò, nítorí iná tí a fi ń jó irin lè ba àwọn ẹ̀rọ iná ọkọ̀ jẹ́. Kò jó ohunkóhun mọ́ ṣásí fúnra rẹ̀; irin tí a bá dáná sun lójú kan lè là láti ojú ibẹ̀ bí ó bá ti ń gbo jìgìjìgì lórí ọ̀nà tí ó kún fún kòtò. Pákó líle ni ó tẹ́ lé ṣásí lórí, ó gbé irin ìdábùú lé pákó náà, ó sì fi bóòtì gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ó tún rí i dájú pé ara ọkọ̀ náà kò yọ sẹ́yìn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìtì bá pọ̀ sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, dírẹ́bà yóò yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ràn.

Ibi tí àríyànjiyàn tún ti dé ni ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò jókòó. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ agégi lára láti jẹ́ kí wọ́n gun orí ẹrù lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìtì a máa yí, ẹni tí ó bá jókòó lé e lórí kò sì ní ibi tí ó lè dì mú. Bàbá wẹ́dà gé ààyè díẹ̀ lára ibi ẹrù, ó kan àga kan sẹ́yìn orí ọkọ̀, ó sì fi ògiri irin nípọn sí àárín àga náà àti ẹrù. Ó dun agégi pé ẹrù òun dín kù. Owó tí ó san fún ògiri náà tún dùn ún ju ìyẹn lọ.

Lábẹ́ àga ni àpótí irinṣẹ́ wà, oníyàrá méjì. Yàrá kan wà fún ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, bẹntiróòlù àti ọ́ọ̀lì rẹ̀. Yàrá kejì wà fún okùn nìkan, nítorí okùn tí epo àti ìdọ̀tí bá ti bà jẹ́ kò ṣeé fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́ mọ́. Àdá àti àáké ní àpò tiwọn tí ẹnu wọn kọjú sí ìsàlẹ̀. Àkàbà dùbúlẹ̀ sórí irin lókè. Oògùn àti aṣọ tí a fi ń di ọgbẹ́ wà níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, kì í ṣe lábẹ́ ẹrù. Aṣọ pupa tí a ń so mọ́ ẹ̀ka tí ó bá yọ sẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún bíbo ewé mọ́lẹ̀, àwọ̀n ẹja àlòkù ni wọ́n wá rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ.

Ìkọ́ mẹ́wàá ni ó wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, fún dídi ìtì mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gbé agbègbè èbúté tí a ní láti ṣàlàyé ìwúlò wọn fún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà kan já bọ́ láti orí ọkọ̀ ní afárá Ojúẹlẹ́gba, ó tẹ ọkọ̀ akérò kan mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án sì kú. Ìtì igi kò tóbi tó kọ̀ǹténà, ṣùgbọ́n ènìyàn inú ọkọ̀ akérò kò ní mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n dán bíréèkì wò. Agégi wà á lófìfo, ó dúró wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn. Bàbá ní kí ó di ìtì kún un dé ìwọ̀n kí ó tó tún un wà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ọkọ̀ náà rìn kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí dáadáa kí ó tó dúró. Mẹkáníìkì sì ní láti pààrọ̀ ohun tí ó ti jẹ tán nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì.

Ayàwòrán ni ó dé kẹ́yìn. Agégi ti mú ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí wọ́n kọ síwájú: "Òkèèrè la ti ń wò ó." Bàbá wẹ́dà ní kí ayàwòrán kọ́kọ́ fa ìlà pupa kan yí inú ọkọ̀ ká, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí etí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú nì, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: "Ìtì kò gbọdọ̀ kọjá ìhín." Ìgbà tí ọ̀dà ìyẹn gbẹ ni ó tó jẹ́ kí ó kọ ti iwájú.