Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Di Olùkọ́ Ẹṣin

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a wo òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn ọkùnrin kan ní Ìlú Òyìnbó. Mick Channon ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1948 ni a bí i. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Southampton. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ yìí na Manchester United ní 1 sí 0, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ FA. Mick wà nínú wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún England ní ìgbà 46, ó sì jẹ góòlù 21.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọdún mélòó ni ẹsẹ̀ lè fi gbá bọ́ọ̀lù? Bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, agbára a máa dín kù. A kò sì lè fi òkìkí se ọbẹ̀. Mick kò dúró di ọjọ́ náà. Nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni ó ti ní ẹṣin tirẹ̀.

Ní ọdún 1986, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò tijú láti tún kọ́ṣẹ́. Ó lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ẹṣin. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọdún 1990 ni ó tó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti máa kọ́ ẹṣin fún eré ìje.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré o. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni olùkọ́ ẹṣin ti ń jí. Yóò wo oúnjẹ wọn, yóò wo ẹsẹ̀ wọn, yóò rí i pé wọ́n sáré níwọ̀nba. Ẹlòmíràn ló sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà. Bí wọn kò bá ṣe dáadáa, olówó wọn lè kó wọn lọ.

Ní ọdún 2008, Mick farapa gidigidi nínú jàǹbá mọ́tò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú níbẹ̀. Síbẹ̀ ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2012, Samitar, ẹṣin tí ó kọ́, gba ipò kìíní nínú eré ìje ńlá kan ní ilẹ̀ Ireland. Nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ, ó fi iṣẹ́ náà lé Jack ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kan lónìí, kí ó máa wo èkejì. Àgbà kì í kọjá ẹ̀kọ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà mọ èyí dájú.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ wo ni Mick kọ́kọ́ ṣe?
2. Kí ni ó ṣe kí ó tó gba ìwé àṣẹ?
3. Iṣẹ́ kejì wo ni ìwọ lè kọ́?