Gẹ̀gẹ̀, iyọ̀ àti iṣẹ́ tó ń lọ nínú ọrùn wa

Ẹ ti rí obìnrin tó máa ń rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ púpọ̀, àbí? Òtútù ń mú un nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíì. Ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ kò jẹun jù. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò lọ déédéé. Ará ilé ní, "Ọ̀lẹ ni." Ẹ má tíì pè é lọ́lẹ o. Ẹ jẹ́ ká wo ọrùn rẹ̀ ná.

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bíi labalábá. Thyroïde ni àwọn dókítà wa ń pè é. Họ́mọ́nù ló ń ṣe, iode inú oúnjẹ ló sì fi ń ṣe é.

Èyí tó ń ṣe jù ni T4, iode mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n T4 dà bí àgbàdo inú àpò. Oúnjẹ ni, àmọ́ ta ló lè fi ro ọkà láìlọ̀ ọ́? Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àtàwọn ẹ̀yà ara mìíràn ló ń bá wa lọ̀ ọ́: wọ́n á yọ iode kan, á ku mẹ́ta. T3 nìyẹn. Òun ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Òun ló ń mú kí ọkàn lù bó ṣe yẹ, kí ara móoru, kí ìfun ṣiṣẹ́, kí ọpọlọ ọmọ inú oyún dàgbà.

Bí iode bá wọ́n, ọpọlọ á máa ránṣẹ́ sí ọrùn pé, "Ṣe sí i, ṣe sí i!" Ẹ̀yà náà á máa tóbi. Gẹ̀gẹ̀ dé nìyẹn. Kì í ṣe èpè. Nǹkan mìíràn náà lè fà á, nítorí náà ẹ má fi abẹ kàn án, ẹ má fi àgúnmu pa á mọ́ra. Ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí iode bá sì wọ́n aláboyún púpọ̀, ohun tó bá ọpọlọ ọmọ jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe mọ́.

Kí la ó wá ṣe? Lọ́jà, ẹ wá iyọ̀ tí wọ́n kọ "sel iodé" sára àpò rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń sè ní Djègbadji, nítòsí Ouidah, dára lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fi iode sí i, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ dé iyọ̀ yín pa, ẹ má gbé e sóòrùn tàbí síbi tó lọ́rinrin. Tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná ni kẹ́ ẹ tó fi í sí i. Ẹja òkun náà ní iode. Ẹ̀gẹ́ tó korò ńkọ́? Ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, torí ó ń dí iode lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ má fi iyọ̀ kún iyọ̀ o! Ṣíbí tíì kan tí kò ga lórí ti tó àgbàlagbà lójúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru.

Kẹ́ ẹ tó túká, ẹ bi ara yín: irú iyọ̀ wo ló wà nílé wa? Ta ni nínú wa tí à ń pè lọ́lẹ, tó jẹ́ pé dókítà ló yẹ kó rí? Ó dìgbà ó ṣe o.