Ẹ Fẹ̀sọ̀ Mú Jíà

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá ní ògbólógbòó Land Rover lóko ló mọ̀ pé jíà gan-an lòwe yìí ń bá wí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké nígbà tí awakọ̀ bá ń fipá ti ọ̀pá rẹ̀, bí ẹni ń fi eyín họ irin.

Series III ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985. Jíà mẹ́rin ló ní síwájú, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olórí pupa wà fún òkè àti àbàtà: ọkọ̀ á máa rìn bí ìgbín, àmọ́ kò ní í dúró. Ẹ tẹ olórí yẹ́lò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa fà. Inú ẹrẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ o. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, tiwájú àti tẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà ní gbogbo kọ́nà, jíà ni yóò sì jẹ̀yà ìjà náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ jíà mánúà yìí dànù, kí n fi jíà ọ́tò sí i. Wọn ò kúkú parọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹsẹ̀ òsì á sinmi. Nínú iyanrìn pàápàá, ọ́tò kì í já agbára sílẹ̀ bó bá ń yí jíà. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí bátìrì bá kú lóko kòkó ní Ìdànrè, ọkùnrin mẹ́ta lè ti mánúà kó gbà. Ọ́tò ńkọ́? Ẹ tì í dalẹ́, kò ní í gbin. Ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀: ọ́ìlì tó pupa bíi sóbò á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná. Wíwá pààtì rẹ̀ tún ńkọ́? Kí a tó rí erin, ó dìgbó. Ilé iṣẹ́ Leyland to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà kan, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi mọ jíà tiwa yìí bí ẹni mowó. Ẹni tó bá ń fi tirẹ̀ sáré lórí márosẹ̀ lójoojúmọ́ lè fi jíà márùn-ún sí i. Èmi ò ní í bá a jà.

Kì í kúkú ṣe ogbó nìkan ló ń pa jíà; omi náà ń pa á. Lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, ihò kan wà tí ọ́ìlì tó bá jò ń gbà kán sílẹ̀, ó sì ní ìdérí onísúkúrù. Ẹ dé e kí ẹ tó wọ odò. Tí ẹ bá jáde, ẹ yọ ọ́. Èmi gbàgbé láti dé e lọ́jọ́ kan, kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ títí mo fi délé. Nígbà tí mẹkáníìkì wá tú ọ́ìlì jíà, funfun ló jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ògì lẹ dà sínú rẹ̀ ni?"

Síìlì kan ló ti gbó, omi gba ibẹ̀ wọnú jíà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ó pààrọ̀ síìlì, ó da ọ́ìlì EP90 tuntun sí i, lítà kan àti ààbọ̀ péré. Ẹ yọ́ wo tiyín lọ́la kí ẹ tó jáde.