Sè, Bọ̀, Dín, Sun, Yan: Ẹ̀kọ́ tí Fíìmù Oúnjẹ Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ebi ló sì bí i.

Ní alẹ́ Sátidé, wọ́n fi fíìmù Ratatouille hàn wá ní gbọ̀ngàn. Fíìmù náà jáde ní ọdún 2007. Èkúté kan tó ń jẹ́ Remy, tí imú rẹ̀ mú gan-an, ló ń dáná ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Paris. Ọbẹ̀ ń hó, àlùbọ́sà ń ta nínú epo, itọ́ ń dà lẹ́nu wa. Aago 6 la ti jẹun alẹ́, kí fíìmù sì tó parí, ikùn gbogbo wa ti ń kùn.

Bá a ṣe ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ ilé nìkan là ń sọ. Ẹnì kan ní màmá òun máa ń kúùkù iṣu, ó máa ń kúùkù ẹja, ó tún máa ń kúùkù àkàrà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Tiv wá bi wá pé, "Ṣé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni?" Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ wà, ó tiẹ̀ pọ̀! Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n.

1. Sè: omi àti iná. A máa ń se ìrẹsì, a máa ń se ẹ̀wà. Ẹ kíyè sí àmì ohùn: "ó sè é", àmọ́ "ó se ẹ̀wà".
2. Bọ̀: omi náà ni. A máa ń bọ ẹyin, a sì máa ń bọ ẹran ká tó dín in.
3. Dín: epo gbígbóná. A máa ń dín àkàrà àti dòdò. Másà tá à ń rà níbí ní Jos, díndín ni.
4. Sun: orí ẹyin iná. A máa ń sun iṣu àti àgbàdo. Sísun ni ẹran súyà náà.
5. Yan: kò sí omi, kò sí epo púpọ̀. A máa ń yan gààrí àti ẹ̀pà.

Òkèlè ní tiwọn: à ń gún iyán, à ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà.

Má rò pé eré ni o. Bí ọjọ́ ìbẹ̀wò bá kù dẹ̀dẹ̀, tó o sọ fún màmá rẹ lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi se iṣu wá," iṣu sísè ni wọ́n máa gbé wá. Bẹ́ẹ̀ dùńdú lò ń fẹ́! "Ẹ bá mi dín iṣu wá" ló yẹ kó o sọ.

Nínú fíìmù yẹn, Anton Ego, ọkùnrin tí oúnjẹ kì í tẹ́ lọ́rùn, tọ́ ratatouille wò, kíá ló rántí oúnjẹ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Oúnjẹ ìyá tiwa náà ní orúkọ. Àwa tá à ń gbé òkè Ọya, bá a bá gbàgbé orúkọ náà, báwo la ṣe máa bèèrè rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo.
(a) Màmá àgbà ń ___ dòdò.
(b) Wọ́n ń ___ àgbàdo lẹ́bàá títì.
(d) Ta ló máa ___ iyán lónìí?
(e) Remy to tòmátì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ sínú abọ́, ó sì wọ inú ààrò bíi ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ṣé ó sè é ni, ó sun ún ni, àbí ó yan án? Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé, ká jọ jà á. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá o!