Erékùṣù Kan, Ẹnu-ọ̀nà Méjì: Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Sáípírọ́ọ̀sì

Àbúrò wa kan ní ẹ̀ka yìí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó ní Limassol, ejẹ́ǹtì kan sì ti sọ fún un pé kò sí wàhálà kankan, tíkẹ́ẹ̀tì Ercan ni kó rà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sanwó?" Mo ní kó dáwọ́ dúró ná. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ bi mí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èsì náà síbí.

Sáípírọ́ọ̀sì náà ni Kípírù inú Bíbélì, ìlú Bánábà. Ọdún 1960 kan náà ni àwa àti àwọn gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1974, àwọn kan ditẹ̀ gbàjọba kí wọ́n lè so erékùṣù náà mọ́ Gíríìsì. Ni ọmọ ogun Tọ́kì bá wọlé, ilẹ̀ sì pín sí méjì títí di òní. Apá àríwá kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ní 1983, Tọ́kì nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà kò gbà á.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ físà ti dàrú. Àríwá ni pápákọ̀ òfurufú Ercan wà. Larnaca àti Paphos wà ní gúúsù, lábẹ́ ìjọba tí ayé mọ̀. Lójú ìjọba gúúsù, Ercan kì í ṣe ẹnu-ọ̀nà tó bófin mu. Ọmọ Nàìjíríà tó bá gbabẹ̀ wọlé ti wọ ilẹ̀ wọn láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè dá a padà ní ẹnubodè. Àbúrò mi ì bá jókòó sí àríwá Nicosia, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa jó ní Limassol, ibi tí mọ́tò ń dé láàárín bíi wákàtí kan.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí àríwá o. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà kò ní ẹ́ḿbásì níbẹ̀, àti pé NiDCOM pàápàá ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ejẹ́ǹtì kì í sábà sọ èyí.

Ní ti gúúsù, ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti 2004, àmọ́ kò tíì wọ Schengen bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ó ní físà tirẹ̀. Ẹni tó ní físà Schengen tó gbà á láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí káàdì ìgbélùú orílẹ̀-èdè Schengen kan, lè ṣèbẹ̀wò láìgba òmíràn. Káàdì Jámánì ni mo fi wọlé ní Larnaca. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, físà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe iṣẹ́ yẹn.

Wọ́n bi mí ní ibi tí mo máa sùn, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti owó ọwọ́ mi. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Fóònù mi ti fẹ́ kú lórí ìlà, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣájà Jámánì kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn: oníhò mẹ́ta ni, bíi ti ilé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀, ẹ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá. Kò sí rélùwéè, bọ́ọ̀sì ló ń so àwọn ìlú pọ̀. Oòrùn oṣù kẹjọ wọn kì í ṣe eré.

Mo rìn dé ẹnubodè Ledra ní Nicosia, èyí tí wọ́n ṣí ní 2008. Àwọn ará ibẹ̀ ń mú ìwé ìrìnnà jáde bí ẹni ń lọ sọ́jà. Èmi dúró, mo wo òdìkejì, mo sì padà. Káàdì mi kù díẹ̀ kó parí, n kò sì fẹ́ dán nǹkan wò. Ẹ má ya àwòrán àwọn ṣọ́jà níbẹ̀ o.

Àbúrò wa kò sanwó ejẹ́ǹtì náà mọ́. Ìwé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti fi kún ìwé tó kó lọ gba físà. Oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó, èsì ló ń retí báyìí.